Kọfí Ìyá Mi

Ìdúmàgbò ni mo wà, ní ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta ike, nígbà tí obìnrin kan wá béèrè èyí tí ìdérí rẹ̀ le.

"Kọfí ìyá mi ni mo fẹ́ kó sí i, mà. Mo gbé e sínú fìríìjì, òórùn irú wọ̀ ọ́."

"Háà, kọfí kì í gbé fìríìjì! Ẹ dé e pa, kí ẹ gbé e síbi gbígbẹ."

"Ìyá mi ò rántí ẹnìkankan mọ́, mà. Òórùn kọfí yẹn nìkan ló ń jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ mi. Láàárọ̀ àná, wọ́n taari ife kọfí náà padà."

"Ẹ ra tuntun fún wọn."

"Mo ti rà á. Wọ́n mu ún tán, wọ́n ní, 'Ẹ ṣeun, mà.'"

Ìyá oníke mú ike kan tí ìdérí rẹ̀ le, ó nà án sí obìnrin náà.

"'Ẹ' ni ìyá tó bí mi lọ́mọ fi ń bá mi sọ̀rọ̀."