Ọrùn, Ẹ̀yìn, Ikùn

Nínú ọkọ̀ Adó sí Ìjan ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń bá obìnrin tó jókòó tì í sọ̀rọ̀.

"Ọmọkùnrin mi tó ń kọ igba ebè lóòjọ́ ni wọ́n ní ikọ́ àwúgbẹ ń bá jà. Kò sì wúkọ́ rí."

"Yèyé, kí ló kọ́kọ́ ṣe é?"

"Kókó ló yọ sí i lọ́rùn, a sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹ̀yìn ń dùn ún, mo ní ebè ló pọ̀ jù, mo mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Nígbà tí ikùn rẹ̀ wú, a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń mu omi àdúrà. Dókítà wá ní ikọ́ yẹn ló wọ ọrùn, eegun ẹ̀yìn àti ikùn, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀."

"Ṣé wọ́n ti fún un lóògùn?"

"Wọ́n fún un. Wọ́n ní a pẹ́ kí a tó dé. Kò lè dìde mọ́."

"Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ta ni ì bá mọ̀?"

"Àìsàn kan ṣoṣo ni. Èmi ni mo pín in sí mẹ́ta."

Ebè tuntun kún ẹ̀bá ọ̀nà títí a fi dé Ìjan. Ìyá náà kò wo ọ̀kankan.