Ogún Fèrè Tí Mo Fi Abẹ́rẹ́ Gún

Dókítà ti bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ ọ. Nítorí náà, Obdulia, ọmọ Nicanor, fa àga rẹ sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ baba rẹ ni. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń gbé e mì, n kò sì ní gbé e wọ sàárè.

Nígbà náà, ìjọba ológun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Kànífáà, ọdún orin àti ìjó ìgboro, rárá ní Santa Cruz, ìlú èbúté wa; orúkọ mìíràn la fi ń ṣe é. Ẹgbẹ́ olórin ẹ̀fẹ̀ bíi tiwa, tí à ń pè ní murga, gbọ́dọ̀ kó orin lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan kí ọ̀gá kan yẹ̀ ẹ́ wò. Baba rẹ ló ń kọ orin wa sílẹ̀, èmi ni mo ń ṣe fèrè: esùsú tí a lẹ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ihò rẹ̀, tí èèyàn ń kùn sí nínú. Lọ́dún yẹn, ọ̀gá náà fi gègé pupa pa ìlà kan rẹ́: “Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀gá ń wẹ̀, ọmọ mi ń lá ìrì.” Gbogbo ilé tí kò lómi ládùúgbò wa ti mọ̀ ọ́n sórí. Baba rẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní, “A ò ní kọ ọ́. Fèrè la máa fi kùn ún. Kí wọ́n wá mú fèrè.” Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi fèrè kan ẹnu títí a ó fi dé ìlà yẹn lórí pèpéle.

Èmi náà kọ orin kan lọ́dún yẹn. Baba rẹ kà á sókè lójú ogún ọkùnrin. “Evelio, ọwọ́ rẹ mọ esùsú, jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Orin yìí, ewúrẹ́ mi gan-an ò ní jẹ ẹ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rín in. Inú mi ń jó. Ìlara ni, n kò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo mú abẹ́rẹ́ ìyàwó mi, mo gún bébà fèrè kọ̀ọ̀kan, títí kan tèmi. Fèrè tó bá ti lu, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ojú tì í ni. Gbọ́ àwáwí ẹni burúkú.

Lọ́jọ́ Àìkú tí a ṣeré, oòrùn mú, gbàgede kún. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. A dé ìlà náà, a gbé fèrè sẹ́nu. Kò dún. Mo rí ojú baba rẹ. Ìyá arúgbó kan níwájú, tó ń ta ẹja, bá la ẹnu, ó kọ ìlà náà. Àwọn alájàpá ẹja gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn alágbàrù èbúté gbà á, ó di gbogbo gbàgede. Obdulia, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Pátákó tí a dúró lé ń gbọ̀n. Mo rí ọlọ́pàá ọ̀dọ́ kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n kọ ọ́. Mo sunkún, mo gbàgbé pé èmi ni mo fà á.

Lẹ́yìn náà, ọ̀gá ọlọ́pàá gun orí pèpéle. “Fèrè ò lọ́rọ̀ nínú. Ta ló kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pariwo yìí sílẹ̀?” Baba rẹ ní, “Èmi ni.” Oṣù mọ́kànlá ló lò lẹ́wọ̀n. Ibẹ̀ ló ti kó ikọ́. Kò sí nílé nígbà tí o kọ́kọ́ rìn.

Nígbà tó dé, ilé mi ló kọ́kọ́ yà. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. “Evelio, ká ní fèrè yẹn dún ni, ẹnu àwa olórin nìkan ni ìlà yẹn ì bá mọ. Ọlọ́run ló dí i lẹ́nu. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ló fi ṣe é, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.” Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ohun tó jáde ni, “Kò tọ́pẹ́, ẹ̀gbọ́n.” Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ikọ́ yẹn pa á, ó ṣì ń yìn mí.

Sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ orin pé, bí wọ́n bá fi tiwọn ṣẹ̀sín, kí wọ́n lọ kọ òmíràn. Obdulia, bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n ọtí tí o ń gbé wá lọ́dọọdún láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní orúkọ rẹ̀, gbé e padà lọ sílé.