Àwọn Bàbá Tó Dọ̀bálẹ̀ Sórí Iyanrìn Gbígbóná

Ẹ̀yin ará mi nínú ìjọ yìí, mo kí yín tọmọdé tàgbà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ pé èmi Mojírádé hùwà àfojúdi sí àwọn àgbà lọ́jọ́rú tó kọjá, nínú ilé Ọlọ́run yìí kan náà. Wọ́n ti sọ ọ́ káàkiri ìlú, kódà ẹni tí kò mọ ojú mi ti ń bú mi. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu tèmi náà. Ohun tí ojú mi rí kí n tó ṣe ohun tí mo ṣe kò ṣeé fi pamọ́. Bí mo bá fi irọ́ kan kún un, kí Ẹni tó fi hàn mí bi mí.

Ẹ mọ̀ mí dáadáa. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí kí ẹ tó máa pè mí ní Ọnárébù. Ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ ló sọ mí di olóṣèlú. Ọmọbìnrin yẹn ń rọbí, ọmọ dábùú sí i nínú, dókítà ti múra iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní àfi kí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ọkọ wà lójú ọ̀nà Òkè Ọya, fóònù rẹ̀ kò lọ. Àṣàkẹ́ ní kí wọ́n gbé bírò wá, òun á fọwọ́ sí i fúnra òun. Wọ́n ní rárá, ọkọ ni. Ọwọ́ mi ló dì mú títí ó fi dákẹ́, ọmọ náà sì bá a lọ. Mo sunkún, mo bínú, mo ní bí kò bá sí òfin tó lè gba irú rẹ̀ là, èmi á lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣòfin.

Mo du kánsẹ́lọ̀, mo wọlé. Mo du ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá, ojú mi rí màbo kí n tó wọlé. Ní ìlú bàbá mi, wọ́n ní mo ti relé ọkọ, kí n lọ gba ipò níbẹ̀. Ní ìlú ọkọ mi, wọ́n ní ta ni bàbá mi níbẹ̀? Òru ni wọ́n máa ń fi ìpàdé ẹgbẹ́ sí. Bí mo bá lọ, wọ́n á bi mí pé ilé ta ni mo sùn. Bí mi ò bá lọ, wọ́n á ní mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín ipò. Mo ṣáà dé Ábùjá. Mo gbé àbá òfin mi kalẹ̀, pé kí obìnrin tó ń rọbí lè fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kí wọ́n kà á kó tó di òfin. Ọkùnrin kan dìde, ó bi mí pé ṣé ẹni tó ń ké "yéè" náà ló fẹ́ gba bírò. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọn ò ka àbá náà mọ́.

Nígbà tó yá, mo ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ni mo máa lọ, bóyá wọ́n á gbọ́ tèmi níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti múra láti du sẹ́nétọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni àwọn bàbá ẹgbẹ́ ti wá sílé mi nígbà tí ìdìbò abẹ́lé bá ku ọ̀la. Wọn ò bú mi, wọn ò sì lérí. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ ni. Àgbà tó lè bí mi lọ́mọ, pẹ̀lú agbádá, gbalaja ní pálọ̀ mi, wọ́n ní, "Màmá, a ò ní dìde àfi tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ fún àbúrò yín." Ẹ̀yin ará, ẹ sọ fún mi, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wo ni yóò jókòó sórí àga kí bàbá arúgbó máa fi àyà gbálẹ̀? Mo ní, "Ẹ dìde, bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde." Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Mi ò sọ pé mo gbà. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dìde, wọ́n ti ń gbọn aṣọ, wọ́n ti ń ṣàdúrà fún mi, rédíò ti ń kéde pé Ọnárébù ti fipò sílẹ̀ fún ẹni tó kàn. Nígbà tí mo ní mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ pe àgbà lónírọ́ ni.

Ní báyìí, Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ìdìbò abẹ́lé ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo gbọ́ ìró mọ́tò wọn lẹ́nu géètì mi. Mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo wá síbí. Ààwẹ̀ ni gbogbo wa wà, mo bá àwọn ìyá ṣe àdúrà ọ̀sán, nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kúnlẹ̀ lórí ẹní mi. Mo ní, "Olúwa, ó ti sú mi. Bí o bá fẹ́ kí n fi í sílẹ̀, sọ fún mi tààrà. Bí o kò bá fẹ́, gbà mí lọ́wọ́ àwọn bàbá wọ̀nyí, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn jà." Mo fi orí lé apá mi, oorun sì gbé mi lọ.

Mo rí obìnrin kan tó dúró tì mí. Ó ga, aṣọ funfun ló wọ̀, kò wọ bàtà, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mojírádé, dìde ká lọ." Mo bi í pé, "Ta ni yín, mà?" Ó ti ń lọ, mo bá tẹ̀ lé e.

Ibi tí a kọ́kọ́ dé ṣókùnkùn, ooru ibẹ̀ sì ń ta ènìyàn lójú bí ẹni tó ṣí ìkòkò. Mo rí ọkùnrin kan tó lóṣòó. Ahọ́n rẹ̀ gùn dé ilẹ̀, òun ló fi ń gbá àgbàlá tí kò lópin, ẹ̀gún àti èéfọ́ ìgò ló kún ibẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Òun ló sọ lórí rédíò pé orí ibùsùn ni mo gbà dé Ábùjá. Obìnrin náà ní, "Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe ló fi kàn ọ́." Mo fẹ́ dúró wò ó dáadáa, kí n má purọ́, inú mi fẹ́ dùn. Ó ní, "Ó tó. Máa bọ̀."

Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín tí mo mọ̀ ni, ẹ̀rín ilé ìgbìmọ̀. A yọ sí gbọ̀ngàn ńlá kan, àwọn ènìyàn jókòó lórí àga irin pípọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn ò lè dákẹ́, omijé ń dà lójú wọn, ó di ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń di ìhà mú, wọ́n ń wá èémí, bí ọ̀kan bá fẹ́ ké "Ẹ gbà mí" ẹ̀rín ni yóò jáde, bó bá fẹ́ ké "Jésù" ẹ̀rín ni, iná ń jó wọn wọn ń rín, ẹran ara wọn ń bọ́ wọn ń rín, èmi náà ń sá mi ò mọ ibi tí mò ń sá lọ, àfi ìgbà tí obìnrin yẹn gbá mi lápá mú. Ó ní, "Wọ́n rí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kú, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà ni iyanrìn wà. Ó tẹ́ lọ rẹrẹ, ó pọ́n, èéfín ń rú lára rẹ̀. Àwọn bàbá ló dọ̀bálẹ̀ sórí rẹ̀, tagbádá tagbádá, fìlà lórí, wọ́n pọ̀ débi tí ojú mi ò rí ìparí wọn. Àyà wọn ń hó lórí iyanrìn yẹn, síbẹ̀ ohùn wọn tutù, ohùn ìbẹ̀bẹ̀ ni. "Ẹ jọ̀ọ́, màmá wa. Ẹ ṣàánú wa, ìyá rere." Ẹni tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi gbé ojú sókè. Olóyè Bándélé ni! Alága ẹgbẹ́ wa tó kú, tí gbogbo wa sin, tí èmi gan-an sọ̀rọ̀ níbi òkú rẹ̀ pé èèyàn dáadáa ni.

Ó ní, "Ọnárébù, ọmọ mi, ẹ ní kí n dìde. Ẹnu yín nìkan ló kù tí mo ń retí."

Àánú ṣe mí. Ẹ má dá mi lẹ́bi, ta ni yóò rí àgbà nínú iná tí kò ní ṣàánú? Mo ní, "Ẹ dìde, bàbá." Ó fa ara rẹ̀ tu, awọ àyà rẹ̀ ṣẹ́kù sílẹ̀, kò tíì nàró tán tó fi pariwo pé, "A dúpẹ́ o! Ó ti gbà! Ó ti fi í sílẹ̀!" Gbogbo àwọn tó wà lórí iyanrìn bá gbà á, "Ó ti gbà! Ó ti gbà!" Ilẹ̀ sì fà á padà, ó tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó tún bẹ̀rẹ̀, "Ẹ jọ̀ọ́, màmá wa." Mo figbe bọnu. Mo ní, "Mi ò gbà! Mi ò sọ pé mo gbà! Ẹ̀yin èèyàn yìí, títí dé ọ̀run àpáàdì?" Wọ́n ṣáà ń bẹ̀ lọ.

Obìnrin náà ní, "Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ẹ̀kọ́ ilé rẹ ni wọ́n fi ṣe okùn, òun ni wọ́n fi dè ọ́."

Mo rí àwọn àyè kan lórí iyanrìn náà tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Àyè náà gùn tó ènìyàn, wọ́n ti tẹ́ ẹ dáadáa. Mo béèrè ẹni tó ni wọ́n. Ó ní, "Àwọn tó ni wọ́n ṣì ń jẹun láyé." Ẹ̀rù bà mí.

Ó mú mi gun òkè kan, atẹ́gùn tútù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sí mi. A dé ẹnu ọ̀nà kan tó mọ́ rekete. Ẹni tó dúró níbẹ̀ kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, "Níbo lo ti wá?" Inú tó ti ń bí mi tẹ́lẹ̀ ru sókè. Mo ní, "Ìlú bàbá mi ni kí n sọ àbí ìlú ọkọ mi? Ẹ tètè sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́, kí n mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi lé mi!" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Mò ń bi ọ́ bóyá ibi tó o ti ń bọ̀ jìnnà ni, kí n fún ọ lómi." Ojú tì mí. Mo gba omi náà, mo mu ún.

Nínú ibẹ̀, àwọn èèyàn jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dìde fún ẹnì kankan, kò sí àga iwájú, kò sí tẹ̀yìn. Mo rí àwọn ìyá wa tó ti lọ nínú ìjọ yìí, ara wọn dá ṣáṣá. Lábẹ́ igi kan ni mo ti gbọ́ tẹ́nìkan pè mí ní "Nọ́ọ̀sì!" Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀. Mo yíjú. Àṣàkẹ́ ni, ọmọ rẹ̀ ń sùn lórí itan rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Òfin yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Àṣàkẹ́."

Kò bínú sí mi. Ìbá sàn kó bínú. Ó kàn nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Mo béèrè torí wọ́n ṣì ń dé ni." Mo wo ibẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ló ń wọlé, aṣọ ọsibítù ṣì wà lára wọn, ọmọ tuntun lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wò yíká bí àlejò. Wọ́n ń fún wọn lómi, wọ́n ń fún wọn níbi ìjókòó. Àṣàkẹ́ ní, "Ara tù wá níbí o, mà. Ṣùgbọ́n kò tíì yẹ ká dé."

Mo jókòó tì í, mo sunkún. Mo sọ fún obìnrin tó mú mi wá pé mi ò padà mọ́, ó ti rẹ̀ mí, kó jẹ́ kí n máa gbé ibẹ̀. Ó ní, "Ṣe sùúrù, kò tíì tó àkókò." Mo ní, "Sùúrù! Ọ̀run náà! Gbogbo ayé mi ni wọ́n ti ń bá mi sọ sùúrù, mo rò pé ẹ̀yin á ní ọ̀rọ̀ mìíràn níbí!" Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n ní kó o fi sùúrù gbà fún wọn. Èmi ní kó o fi sùúrù dúró." Ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, mo sì la ojú.

Mo la ojú, àwọn bàbá ni mo rí nílẹ̀.

Gbogbo yín ni ẹ ti gbọ́ apá yìí. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti wọlé nígbà tí mò ń sùn, wọ́n sì ti dọ̀bálẹ̀ yí ẹní mi ká ní ọ̀sán gangan. Ẹni tó ṣíwájú wọn ni Baba Ìjọ wa tó jókòó síwájú yìí, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Òun ló sọ ibi tí mo wà fún wọn. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi tí mo so ìwọ àti ọkọ rẹ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi tí mo sọ àwọn ọmọ rẹ lórúkọ, èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ yìí. A ò ní dìde àfi tó o bá fi í sílẹ̀."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. "Ẹ dìde, bàbá." Ó ti dé ètè mi! Òógùn bò mí. Mo rí iyanrìn yẹn, mo rí àwọn ọmọbìnrin tó ń wọlé pẹ̀lú ọmọ tuntun. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn kú ọ̀sán, nítorí bàbá mi ni wọ́n. Mo ká ẹní mi, mo mú báàgì mi, mo gba àárín wọn kọjá.

Ẹnìkan ké tẹ̀lé mi pé, "Mojírádé! Ṣé bó o ṣe máa fi wá sílẹ̀ nìyí?" Mo jáde. Nígbà tí mo dé abẹ́ fèrèsé, mo wo inú. Wọ́n ti ń dìde. Èmi ò ní kí wọ́n dìde o, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde. Wọ́n di ara wọn lápá mú, wọ́n ń gbọn eruku orúnkún, ọ̀kan ń wá bàtà rẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi rò pé àfi kí n gbé wọn dìde, wọ́n lè dìde fúnra wọn!

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ yín gba ohun tí Ọlọ́run gbé lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin bàbá, àyè wà lórí iyanrìn yẹn, mo fi ojú mi rí i, ó sì gbóná. Orúkọ mi kò kúrò nínú ìdìbò abẹ́lé náà, mo máa dé ibi ìdìbò ní Sátidé. Bí mo bá fìdí rẹmi, kó jẹ́ pé wọ́n dìbò, wọ́n sì kà á.

Baba Ìjọ, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin lẹ so èmi àti ọkọ mi pọ̀, mi ò gbàgbé. Nítorí ẹ̀mí yín ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi mọ́. Bí ẹ bá tún dọ̀bálẹ̀, mi ò ní ní kí ẹ dìde.