Ẹ̀rọ Tí Ọmọ Mi Yàn fún Táyà Mi

Rárá, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, ẹ má tíì fi òmíràn hàn mí, ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí mo gbé kalẹ̀ sórí káńtà yín yìí, ẹ wò ó dáadáa, torí inú ṣọ́ọ̀bù yín níbí ni ọmọ mi ti rà á, Royce, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, òun ló yàn án fún èmi ìyá rẹ̀ pé kí n máa fi fẹ́ táyà ọkọ̀-ilé mi. Ẹ gbé e wò. Kò wúwo ju ìkòkò kọfí lọ. Ṣé ohun tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà ọkọ̀ tí ènìyàn ń sùn, tó ń jí, tó ń dáná nínú rẹ̀ nìyí? Táyà mẹ́fà ni, méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, tí atẹ́gùn inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ wọn márùndínlọ́gọ́rùn-ún lórí géèjì!

Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, èmi náà mọ̀wé. Àádọ́jọ ni wọ́n kọ síbẹ̀, gàdàgbà gadagba, ẹni tó bá rí i á ní ẹ̀rọ yìí lè fẹ́ táyà bàálù. Mo tì í bọ ihò iná sìgá inú ọkọ̀ bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, mo so ẹnu rẹ̀ mọ́ táyà iwájú. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni táyà yẹn wà kí n tó fọwọ́ kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó ń gbọ̀n, ó ń dá rìn kiri nínú yanrìn, mo jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ara rẹ̀ gbóná débi pé mi ò lè fọwọ́ bà á mọ́, ìwé ní kí n jẹ́ kó sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo jẹ́ kó sinmi, mo tún tàn án, fíúsì jó. Mo yọ ẹnu rẹ̀ kúrò, mo mú géèjì Verlin ọkọ mi, mo fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀kàndínlọ́gọ́rin. Mo fi odidi wákàtí kan fẹ́ táyà, atẹ́gùn inú rẹ̀ sì dín sí ti tẹ́lẹ̀! Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ má fọwọ́ bo ẹnu, èmi pàápàá rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹkún ṣe gba ẹ̀rín náà mọ́ mi lẹ́nu.

Ká má tíì sọ ti táyà inú lẹ́yìn, èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn ìkejì rẹ̀. Rọ́bà ẹ̀rọ yìí ò dé ibẹ̀ rárá. Mo dùbúlẹ̀ nínú yanrìn, mo na ọwọ́, mo na ẹsẹ̀, èmi ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

Ẹ ní kí ló dé tí táyà fi lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Ẹ̀yin náà mọ bí Verlin ṣe máa ń ṣe. Kí oòrùn tó yọ láti ẹ̀yìn òkè ni á ti jáde, á wọn táyà nígbà tó ṣì tutù, á kọ iye rẹ̀ sórí tépù funfun tó lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ lókè táyà kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù kẹrin tó ti kú, èmi ni mò ń kọ ọ́. Mi ò fo ọjọ́ kan. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni mo kọ sórí tépù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní àárọ̀ Sọ́ńdè, ẹ wá wò ó tẹ́ ẹ bá fẹ́, kò tíì parẹ́.

Royce dé láti Phoenix lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Inú mi dùn, mo wọlé lọ gé búrẹ́dì àgbàdo fún un, ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ṣììì, ṣììì, bí ejò. Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Ọmọ mi lóṣòó ti táyà, ó ń tú atẹ́gùn rẹ̀ dànù! Ó ní mẹ́rìndínláàádọ́fà lòun bá nínú rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ fẹ́ fi táyà pa ara yín.” Mo ní Royce, oòrùn ló mú atẹ́gùn inú rẹ̀ wú, aago méjì ọ̀sán nìyí, wo tépù, wo ohun tí mo kọ, dúró di àárọ̀ kí o tún un wọ̀n. Kò gbójú sókè. Ó tú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí gbogbo wọn fi wá sí márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú oòrùn gangan yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n tutù, ẹ̀yin náà lè ṣírò ibi tí wọ́n já sí.

Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ wọn lọ́dún yìí ló ń ṣe irú àṣìṣe yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt. Kì í ṣe Royce. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń ka géèjì fún bàbá rẹ̀, tí á ti múra bọ́ sínú òtútù, tí á máa pe iye rẹ̀ sókè pẹ̀lú ohùn tín-ínrín yẹn. Ohun àkọ́kọ́ tí Verlin kọ́ ọ ni pé táyà tí oòrùn bá ti kàn, ẹnikẹ́ni kì í tú u. Ohun àkọ́kọ́!

Mo ní bóyá ó gbàgbé ni. Ìyá ni mí, mo yára wá àwáwí fún un. Ó jókòó, ó jẹun, ó wá ní ẹni tí kò mọ iye atẹ́gùn tó wà nínú táyà rẹ̀ kò yẹ kó máa dá wakọ̀ nínú aginjù, pé òun ti rí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà, pé yàrá kan wà fún mi nílé òun, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà aládùúgbò. Mo bú sẹ́kún. A ti ta ilé wa ní Nebraska tipẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, ọkọ̀ yìí ni ilé mi, orí ibùsùn inú rẹ̀ ni Verlin ti dákẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi. Nígbà tó rí i pé mò ń sunkún, ó ní ó dáa, tí mo bá lè fi ọwọ́ ara mi fẹ́ táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sí márùndínlọ́gọ́rùn-ún kí òun tó dé ní Sátidé, òun ò ní dárúkọ títà mọ́ láé. Ọwọ́ ara mi o, ẹ má sọ pé kí n pe ẹni tó ń fẹ́ táyà kiri ibùdó tí a gbé ọkọ̀ sí. A bọ ọwọ́. Ó jáde, ó lo bí ogójì ìṣẹ́jú, ó gbé páálí yìí wọlé, ó ní òun wá nǹkan tí mo máa fi ṣe é. Mo sì fẹnu kò ó lórí, ẹ gbọ́, mo fẹnu ko ọmọ náà lórí!

Ọ̀la ni Sátidé. Ìdí tí mo fi wakọ̀ wá bá yín rèé. Ẹ má wo ilẹ̀, èmi ni kí ẹ wò. Kí ni Royce sọ pé òun ń wá nígbà tó dé ọ̀dọ̀ yín?

Ẹ ní ó béèrè èyí tó kéré jù. Ó dáa. Bóyá torí kó má wúwo fún mi ni. Ṣé ẹ wá sọ fún un irú táyà tí ó lè fẹ́? Ẹ ní ẹ sọ fún un. Ẹ ní ẹ sọ fún un kedere pé èyí ò lè kọjá ọgọ́rin nínú táyà bẹ́ẹ̀, pé táyà ọkọ̀ kékeré àti bọ́ọ̀lù ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún. Kí ló wá ní?

Ó ní ìyẹn ti tó.

Ẹ ṣáà sọ fún mi pé aago mẹ́ta kọjá ló wọlé sọ́dọ̀ yín, lẹ́yìn tó ti tú táyà mi, tí inú ṣì ń bí i, ènìyàn lè ṣe ohunkóhun tí inú bá ń bí i.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀? Àárọ̀, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi rárá? Ó dá yín lójú, torí pé òun ni oníbàárà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Áà, Ọlọ́run mi. Ẹ̀rọ náà ti wà nínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń lóṣòó ti táyà mi. Ó ti wà níbẹ̀ nígbà tó ń jẹ búrẹ́dì mi. Níbo ló wá lọ fún ogójì ìṣẹ́jú yẹn? Ṣé inú ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ló jókòó sí, tó ń wo aago?

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Èmi kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé lọ́jọ́ kan ọlọ́pàá ojú ọ̀nà á pè é lórí fóònù, kò sì tíì sunkún bàbá rẹ̀ tán, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ni? Kó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, kó ní Mọ́mì, ẹ̀rù ń bà mí nítorí yín, mi ò rí oorun sùn. À bá jọ sunkún. Ó ṣeé ṣe kí n fún un ní kọ́kọ́rọ́ náà fúnra mi, mo fi Ọlọ́run búra, nítorí ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ó wá jẹ́ atẹ́gùn táyà mi ló tú dànù. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó fún mi ní ohun tí kò lè ṣiṣẹ́, ó ní kí n lọ fi gbìyànjú.

Ẹ má bínú sí i. Bí ó bá tún wá síbí, ẹ kí i dáadáa, ẹ má sọ fún un pé mo mọ̀ nípa aago mẹ́sàn-án yẹn. Kó má lọ tijú mi. Èmi ni n óò sọ fún un, tàbí kí n má sọ ọ́, mi ò tíì mọ̀.

Ó yá, ẹ gbé èyí tó wà lókè yẹn sọ̀kalẹ̀, èyí tó ń so mọ́ bátìrì gangan, tí rọ́bà rẹ̀ gùn dé táyà inú lẹ́yìn. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú láìsinmi? Ó dáa. Ṣé ó lè dé márùndínlọ́gọ́rùn-ún, kì í ṣe lórí páálí o, nínú táyà tí ọkọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀? Ẹ búra.

Mo mọ̀ pé ó wúwo. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń gbé Verlin láti orí ibùsùn dé ilé ìwẹ̀. Ẹ má bá mi gbé e dé ọkọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt. Ẹ ṣáà ṣí ilẹ̀kùn fún mi.