Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Bu Erùpẹ̀?

Èmi pẹ̀lú obìnrin kan àti àbúrò bàbá rẹ̀ la jọ wọ takisí láti àdúgbò Adébáyọ̀ lọ sí ìlú Ìgèdè, níbi tí wọ́n ti fẹ́ lọ sin bàbá obìnrin náà.

"Bàbá Kékeré, ẹ̀yin lẹ sọ pé ní ulé wa, àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí sàréè bàbá ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ni àkọ́bí?"

"Ìwọ ni. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ ni yóò bù ú. Ọkùnrin lòun."

"Ọ̀rọ̀ yín méjèèjì ò lè dúró pọ̀. Ẹ mú ọ̀kan."

"Ọmọ yìí, òkú la fẹ́ sin, a ò wá rojọ́."

"Èmi ni mo máa bù ú. Nígbà tí bàbá mi ò lè dìde mọ́, ẹ ní àkọ́bí ni kó máa wẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò wá ọkùnrin."