Ìjàpá Tó Jáde Lásìkò Àdúrà

Nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Lálúpọn, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń rojọ́ fún obìnrin aládùúgbò rẹ̀.

"Ìjàpá tí ọmọ mi ń sìn ti jáde nílé. Ọmọ ò jẹun láti àárọ̀."

"Kí lẹ̀ ń ṣe tí ìjàpá fi sáré jù yín lọ?"

"À ń gbàdúrà ni. Gbogbo wa dijú. Ká tó ṣe àmín, ó ti lọ. A wá a dé ìdí kànga. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹnìkan má ti fi se ọbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ àdúrà tèmi ni, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lẹ máa bá a. Ṣùgbọ́n mo mọ àdúrà yín. Ẹ lọ wá a ní Adégbayì, lọ́nà jíjìn lọ́hùn-ún."

Èmi tí ìjọ máa ń pè fún àdúrà ìparí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé obìnrin náà ò dá mi mọ̀.