Fáníìsì Lórí Ẹran Jíjẹrà

[Fóònù ń dún. Ariwo màṣíìnì ìránṣọ.]

ABẸ́RẸ́: Hẹ̀lóò, Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti dé gbọ̀ngàn ìdíje ère kíkùn yẹn?

BỌ̀DÁ: Mo ti dé tipẹ́. Abẹ́rẹ́, àbúrò mi, ṣé ọwọ́ ẹ dí?

ABẸ́RẸ́: Ó dí díẹ̀, ọrùn aṣọ ni mò ń ràn. Ère àwa méjèèjì ńkọ́? Wọn ò ṣẹ́ lójú ọ̀nà?

BỌ̀DÁ: Wọn ò ṣẹ́. Mo ti gbé wọn sórí tábìlì, tìẹ lápá ọ̀tún, tèmi lápá òsì. Ṣé ara ẹ le?

ABẸ́RẸ́: Bọ̀dá, àárọ̀ yìí la jọ jẹun.

BỌ̀DÁ: Mo kàn ń béèrè ni. Ṣé o gbọ́ mi?

ABẸ́RẸ́: Mò ń gbọ́ yín. [Màṣíìnì dákẹ́.] Kí ló ṣẹlẹ̀?

BỌ̀DÁ: Kò sí nǹkan. Ọkùnrin kan ló kọjá níbí. Ó wo òkú tó ń rìn tí o kùn, ó fọwọ́ bo imú.

ABẸ́RẸ́: Ère tí ò tó ìka? [Ó rẹ́rìn-ín.] Ó bo imú fún ọ̀dà?

BỌ̀DÁ: Máa rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí òkú tèmi, ó bi mí bóyá ọ̀pọ̀lọ́ ni.

ABẸ́RẸ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Mo sọ ọ́ nígbà yẹn pé àwọ̀ ewé yẹn ti pọ̀ jù. Ẹran ò kàn ń dédé di ewé. Ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ kúrò lójú ẹ̀, abẹ́ ibi tó bá sọ̀kalẹ̀ sí á dúdú, kí àwọ̀ ewé tó yọ létí ikùn—

BỌ̀DÁ: Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú?

ABẸ́RẸ́: Ẹ̀yin ni, sà.

BỌ̀DÁ: Ta ló kọ́kọ́ ra ọ̀dà fún ẹ?

ABẸ́RẸ́: Ẹ̀yin náà ni. Bọ̀dá, kí lẹ ṣe?

BỌ̀DÁ: O gbé ẹran sábẹ́ abọ́ lẹ́yìnkùlé kó lè jẹrà, ò ń ṣí i wò láràárọ̀ bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun. Gbogbo ilé ń rùn. Èmi ni mò ń bẹ ìyá wa kí wọ́n má dà á nù. Èmi. Kí o lè wá fi—

ABẸ́RẸ́: Ohùn yín ń já. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Kí lẹ ṣe sí ère mi?

BỌ̀DÁ: Mo fín in.

ABẸ́RẸ́: Ẹ fín kí ni sí i?

BỌ̀DÁ: Fáníìsì. Kí eruku má bàa—

ABẸ́RẸ́: Èwo? Èwo nínú ẹ̀?

BỌ̀DÁ: Èyí tí kì í dán.

[Obìnrin kan ń béèrè aṣọ ẹ̀ lẹ́yìn Abẹ́rẹ́.]

ABẸ́RẸ́: Ẹ fín èyí tí kì í dán sórí ẹran tó ń jẹrà. Ẹ̀yin gan-an. Ẹ mọ̀ pé dídán yẹn ló gbé e dúró. Pupa lórí àwọ̀ ìyeyè, fáníìsì lórí pupa, títí ojú egbò fi ń yọ̀ bí ohun tó ń ṣomi. Oṣù kan ni mo fi ṣe egbò yẹn.

BỌ̀DÁ: Ó ti gbẹ báyìí. Ó dà bíi búrẹ́dì àná.

ABẸ́RẸ́: Ẹ mọ̀ pé ó máa gbẹ.

BỌ̀DÁ: Mo mọ̀.

ABẸ́RẸ́: Iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ fún ẹni tó bá gba first position, Bọ̀dá. Ọ̀dà kíkùn, ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwọn ère yìí. Ǹ bá ti bọ́ lọ́wọ́ màṣíìnì yìí. Ẹ mọ ìyẹn náà?

BỌ̀DÁ: Èmi náà fẹ́ iṣẹ́ yẹn. Ṣé o gbọ́ mi? Látìgbà tí mo ti ń kun ère, kò sẹ́ni tó bo imú fún tèmi rí. Mò ń jowú ẹ. Ọwọ́ mi ti tẹ agolo fáníìsì yẹn kí n tó mọ̀— rárá, irọ́ ni. Mo mọ̀ dáadáa.

[Ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ sínú fóònù.]

ABẸ́RẸ́: Àwọn adájọ́ ńkọ́?

BỌ̀DÁ: Wọ́n ti ń bọ̀. Ó ku tábìlì méjì kí wọ́n kàn wá.

ABẸ́RẸ́: Ẹ ṣí àpò mi tẹ́ ẹ gbé dání. Ìgò kékeré kan wà níbẹ̀, fáníìsì tó ń dán. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù.

BỌ̀DÁ: Ó ti wà lọ́wọ́ mi.

ABẸ́RẸ́: Ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ mi. Ẹ fi kan ojú egbò, èrìgì, abẹ́ ojú. Please, ẹ má fi kan eegun, eegun gbọ́dọ̀ gbẹ. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BỌ̀DÁ: Egbò. Èrìgì. [Ó ń kùn ún.] Ó ń padà. Abẹ́rẹ́, ó tún ń ṣomi. Ọmọ burúkú ni ẹ́.

ABẸ́RẸ́: Ẹ bú mi tó bá yá. Ẹ máa kùn ún.

[Ohùn adájọ́ kan: Ta ló ni èyí? Kí ló dé tí apá kan ń dán, tí apá kan gbẹ?]

BỌ̀DÁ: [Kì í ṣe sínú fóònù.] Àbúrò mi obìnrin ló ni ín, sà. Kò sí àbùkù kankan níbi tó parí iṣẹ́ sí. Èmi ni mo fín nǹkan sí i láàárọ̀ yìí, kó lè bàjẹ́. Ìlara ni, sà.

[Ariwo ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí kò hàn.]

ABẸ́RẸ́: Bọ̀dá. Bọ̀dá mi, kí ni wọ́n ní? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BỌ̀DÁ: Wọ́n ní kí n parí ìyókù, àwọn á padà wá wò ó.

ABẸ́RẸ́: Ẹ ṣé. [Ohùn ẹ̀ ti yí padà.] Ẹ ṣé, Bọ̀dá. Tiyín ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ nípa tiyín?

BỌ̀DÁ: Wọ́n ti kọjá lọ.

ABẸ́RẸ́: Láìsọ nǹkan kan?

BỌ̀DÁ: Ẹ̀gbẹ́ tìẹ ni tèmi wà, Abẹ́rẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan tìẹ. Tìẹ náà ni mo ṣì ń kùn lọ́wọ́ yìí. Wọn ò tiẹ̀ wo tèmi—

[Ìlà já.]